Oníbàárà mi ní kí n ṣe "collar" fún "sub" òun, ẹ jọ̀ọ́ kí ni ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí?

Oníṣẹ́Awọ_Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ má bú mi. Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí, bàtà, bẹ́líìtì, àpò, nígbà míì ìdè ọrùn fáwọn tó ń sin ajá ńlá, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin kan kàn sí mi lórí wọ́sáàpù láti ìlú òyìnbó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun náà, ó ní òun rí bẹ́líìtì tí mo ṣe nídìí àbúrò òun, pé òun ní iṣẹ́ fún mi. Owó ibẹ̀ dáa gan-an, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ohun tó kọ ránṣẹ́ ò yé mi rárá. Ó ní òun fẹ́ collar kan fún sub òun, cuff ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, àti flogger kan tó máa ní ìrù ogún. Ó ní D/s làwọn, pé òun ni top lọ́pọ̀ ìgbà ṣùgbọ́n òun náà máa ń switch, pé kí n rí i pé irin ibẹ̀ ò kan ara torí scene àwọn máa ń pẹ́. Ó wá fi kún un pé leather fetish lòun ní, ìyẹn ló jẹ́ kí òun mọ iṣẹ́ awọ tó dáa yàtọ̀.

Sub tí èmi mọ̀ ni èyí tí à ń rà sórí fóònù kí dátà tó wọlé. Ọmọṣẹ́ mi ní rárá o, agbábọ́ọ̀lù tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni. D/s, mo rò pé sáìsì ni, s ni kékeré, mo tiẹ̀ ti gé pépà ẹ̀ ní kékeré. Top, mo ní bùláòsì ni. Ìgbà tí mo rí scene ni mo pàtẹ́wọ́ pé ó ti yé mi, eléré tíátà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù ogun, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ohun tí wọ́n máa fi de ẹrú. Mo bi í bóyá fíìmù náà ti fẹ́ jáde. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n lọ tẹ BDSM sí Google. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo yára da fóònù dojú bolẹ̀ torí ìyá àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọṣẹ́ mi tún wá rí fetish yẹn, ó ní juju ni, pé pásítọ̀ àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn, òun ò ní fọwọ́ kan awọ náà. Ẹ bá mi dá sí i. Kí làwọn ọ̀rọ̀ yìí, ṣé iṣẹ́ tí èèyàn lè gbà ni?


ỌmọÒṣómàáló:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó gé awọ. Ìyókù á yé yín tó bá yá 😂


Àdùkẹ́_Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, mo gbé Leeds fún bí ọdún mẹ́jọ kí n tó padà sílé, mo sì ní ọ̀rẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ìkan-ìkan nínú ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ má bi mí síwájú.

Lẹ́tà mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀ torí méjì ń ṣiṣẹ́ ẹlòmíì. B ni bondage, ìyẹn kí wọ́n de èèyàn. D ni discipline, òfin àti ìjìyà fún ẹni tó bá rú u. D yẹn náà tún ni dominance, S ni submission, ẹnì kan ń pàṣẹ, ẹnì kejì ń tẹ̀ lé e. S tún ni sadism, kéèyàn gbádùn kó máa ta ẹlòmíì lára, M ni masochism, kéèyàn gbádùn kí wọ́n máa ta òun lára. Gbogbo ẹ̀ kọ́ lẹnì kan ń ṣe o. Ẹlòmíì ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na òun, okùn nìkan ló fẹ́. Ẹlòmíì ò fẹ́ okùn, ó kàn fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé kúnlẹ̀ síbẹ̀, kóun sì kúnlẹ̀.

D/s tẹ́ ẹ pè ní sáìsì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, D ńlá fún ẹni tó ń pàṣẹ, s kékeré fún ẹni tó ń gbọ́ àṣẹ, ìyẹn lẹ máa ṣe rí wọn tí wọ́n á kọ Dom (ọkùnrin) tàbí Domme (obìnrin) pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, wọ́n á wá kọ sub pẹ̀lú kékeré bó tiẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ẹ tún pépà yẹn gé.

Top àti bottom yàtọ̀ díẹ̀. Top lẹni tó mú okùn tàbí ẹgba dání, bottom lẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ó lè jẹ́ pé bottom gan-an ló ń darí, tó ń sọ pé lu ibí, má lu ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì ni switch, bíi kéèyàn gún iyán fún ẹlòmíì lónìí, lọ́la kí wọ́n gún un fún òun.

Scene ni àkókò tí wọ́n fi ń ṣe é, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Eré ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀, play, àmọ́ ẹ má rò pé wọ́n kàn máa ń já wọ inú ẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wọ́n á ti jókòó sọ̀rọ̀ wọn, negotiation ni wọ́n ń pe ìyẹn, kí lo fẹ́, kí ni o ò fẹ́, ṣé o ní ikọ́ efée, ṣé apá kan ń dùn ẹ́. Ohun tẹ́nì kan ò ní gbà láéláé ni hard limit. Èèwọ̀ ni, kò lórúkọ míì. Wọn kì í bi èèyàn ìdí èèwọ̀ ẹ̀. Soft limit ni èyí tó ní "kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, àmọ́ pẹ̀lú ẹni tí mo bá fọkàn tán, a lè fẹsẹ̀ tọ́ ọ wò".

Wàyí o, èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni safeword. Inú eré náà ẹni tí wọ́n dè lè máa pariwo "rárá, jọ̀ọ́, ó tó" kó sì jẹ́ pé ara eré ni, òun gan-an ló ní kí wọ́n máa bá òun lọ tóun bá pariwo. Tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń mú ọ̀rọ̀ kan tí ò níbi tó bá wọlé níbẹ̀, ká ní "ìsápá". Ó kàn ní ìsápá pẹ́rẹ́, gbogbo nǹkan dúró, wọ́n tú okùn, kò sí "ó kù díẹ̀". Àwọn míì ń lo àwọ̀ iná ojú títì, green ni máa lọ, yellow ni rọra, red ni dúró. Tí wọ́n bá ti di ẹnu ẹni náà, wọ́n á fún un ní bọ́ọ̀lù kékeré tàbí kọ́kọ́rọ́ mú dání, tó bá ti jù ú sílẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn eré, aftercare: omi, aṣọ ìbora, kí wọ́n gbá a mọ́ra, kí wọ́n bi í pé ara ńkọ́. Torí ara tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ máa ń já wálẹ̀, èèyàn lè máa sunkún lọ́jọ́ kejì láìmọ ìdí, drop ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó sì máa ń mú ẹni tó mú ẹgba dání náà.

Vanilla ni wọ́n ń pe àwa tí ò sí nínú ẹ̀ (ẹ̀yin, ẹ má wo ojú mi). Ẹ̀kọ tútù láìsí àkàrà.

Collar, ìyẹn ìdè ọrùn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ fara balẹ̀ ṣe é, torí láàárín wọn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹlòmíì tí wọ́n bá fi collar sí lọ́rùn, bí òrùka ìgbéyàwó ló ṣe rí lára ẹ̀.


BàbáÌjámọ̀:

Mo ti kà á tán. Nígbà tiwa pàṣán ni tíṣà fi ń nà wá, kò sẹ́ni tó béèrè àwọ̀ iná lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ n béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe àwàdà. Àdùkẹ́, o ní ẹnì kan ń pàṣẹ ẹnì kan ń tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ń lu ìyàwó ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀, ó sì ń sọ pé Bíbélì ní kí aya tẹrí ba. Lọ́la ó lè ní BDSM lòun ń ṣe. Kí ni ìyàtọ̀?


Nọ́ọ̀sì_Lágere:

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi í. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti tọ́jú àwọn obìnrin tí ọkọ lù, mo lè sọ ìyàtọ̀ náà fún yín láìwo ìwé. Ṣé wọ́n bi í kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó lè dá a dúró tó bá sọ̀rọ̀? Ṣé ó lè dìde kó lọ lọ́la láìsí nǹkan tó máa ṣe é? Ìyàwó àdúgbò yín yẹn, ẹ bi í ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ ẹ̀ ń lù ú lásán ni, ẹ fi ọlọ́pàá sí i.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí gan-an ti jà lórí ẹ̀ pẹ́. Ní 1983 ẹgbẹ́ kan ní New York gbé gbólóhùn kan jáde, safe, sane and consensual, pé kò gbọdọ̀ léwu, kó jẹ́ ti ẹni tórí ẹ̀ pé, kí tọ̀tún-tòsì yọ̀ǹda. Nígbà tó di 1999 àwọn míì ní èwo ni kò léwu, ṣé okùn ò léwu ni, wọ́n wá gbé RACK dé, risk-aware consensual kink, ìyẹn ni pé a mọ ewu ẹ̀, a sì jọ fara mọ́ ọn. Èmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo gbà, torí ẹni tó bá ní kò sí ewu ni kì í tọ́jú sísọ́ọ̀sì sítòsí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé "ó gbà bẹ́ẹ̀" lè gba èèyàn lọ́wọ́ adájọ́ níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ R v Brown, 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà yẹn ní tí ọgbẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, bí àgbàlagbà bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn ò yọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n rán àwọn ọkùnrin lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni.

Ti pé ṣé àìsàn ọpọlọ ni, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí: tẹ́lẹ̀ ó wà nínú ìwé àrùn àjọ ìlera àgbáyé. ICD-11, ẹ̀dà tuntun ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, ti yọ ọ́ kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀ ni ti ẹni tó ń ṣe é fún ẹni tí ò yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ awọ, tiyín rèé. Cuff ọwọ́, ìyẹn ìdè awọ tó ń yí ọrùn ọwọ́ ká, ẹ jẹ́ kó fẹ̀, ó kéré tán íńṣì méjì, torí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń gé èèyàn, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá dè é tán. Iṣan kan wà tó gba apá kọjá lọ sí ọwọ́, tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ọwọ́ á máa jó rànrìn, á kú tipiri, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ fi awọ rírọ̀ tẹ́ inú ẹ̀. Irin tẹ́ ẹ máa fi ṣe é, kó jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè tú. Irú ìkọ́ kan wà táwọn tó ń sin ẹṣin máa ń lò tó máa ń tú bí okùn bá tiẹ̀ le pinpin, panic snap ni wọ́n ń pè é, ẹ bi oníbàárà yín bóyá ó fẹ́ ẹ. Collar ọrùn ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí èèyàn lè fi gbé ẹnikẹ́ni rọ̀. Ọrùn ò ní ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dé tí ò léwu, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó wà, ẹ sá fún un.


Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún ọmọṣẹ́ yín pé kò kúkú jìnnà sí òótọ́ 😄 Fetish yẹn, ẹnu ọ̀nà wa níbí ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Potogí tó ń wá ta ọjà sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń pe oògùn àti ère tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ní feitiço, oògùn ni lédè tiwọn. Àwọn Faransé sọ ọ́ di fétiche, Charles de Brosses fi kọ odindi ìwé lórí ẹ̀sìn ní 1760. Ní 1887 Alfred Binet, òun kan náà tó dá ìdánwò ọpọlọ àwọn ọmọdé sílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó jẹ́ pé bàtà tàbí awọ tàbí aṣọ kan ló ń mú ara ẹ̀ gbóná, pé ó dà bí ẹni ń bọ òrìṣà nǹkan náà. Pásítọ̀ di ìtumọ̀ àtijọ́ mú, oníbàárà yín di tuntun mú, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kink, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo irú ìfẹ́ àrà ọ̀tọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló ti wá, ibi tí okùn ti lọ́ mọ́ra ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi okùn rán awọ á ti rí i dáadáa.

Sadism àti masochism yẹn, orúkọ èèyàn ni. De Sade jẹ́ ọlọ́lá ará Faransé tó ń kọ ìwé, ó kú ní 1814. Ekejì, Sacher-Masoch, ará Austria, òǹkọ̀wé lòun náà. Dókítà ọpọlọ kan, Krafft-Ebing, ló mú orúkọ Masoch sọ nǹkan yìí, Masoch náà ṣì wà láàyè nígbà yẹn o! Ẹ fojú inú wò ó, kẹ́ ẹ wà láyé kí wọ́n fi orúkọ ìdílé yín pe irú ẹ̀.

Mo ti ń gbìyànjú láti túmọ̀ wọn fún ìgbádùn ara mi. Consent, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní "gbígbà", mi ò fẹ́ ẹ, torí èèyàn lè "gbà" nígbà tó ti sú u. Ìyọ̀ǹda ni Nọ́ọ̀sì lò lókè, òun ló dáa jù. Dídè náà, Yorùbá lówó lọ́wọ́: à ń di ẹrù, à ń so ewúrẹ́, à ń de ẹni tí wọ́n mú. Àwọn ará Japan náà ní méjì tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ okùn yìí, shibari tó kàn jẹ́ síso, àti kinbaku, síso tó le pinpin. Safeword ni mo pè ní àrokò, torí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n ló mọ ohun tó ń sọ.

Ibi tí mo há sí ni sub. Atẹríba ni mo kọ́kọ́ kọ.


Àdùkẹ́_Ifẹ̀:

Atẹríba kẹ̀! Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọkùnrin àdúgbò wọn tán. Ẹni tí wọ́n fi ìdílé àti ìwàásù tẹ̀ lórí ba kọ́ ni sub. Òun ló gbé àṣẹ fún ẹnì kejì, ó sì lè gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ọ̀gá báǹkì kan ní Leeds, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń gbọ́ sí i lẹ́nu lọ́sàn-án, sub ni. Fi sub sílẹ̀ ní sub, bó o ṣe fi fóònù sílẹ̀ ní fóònù.

Mo gbàgbé munch! Tí oníbàárà bá ní òun ń lọ sí munch, kì í ṣe àgbèrè ló ń lọ o, wọ́n kàn ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, wọ́n á jẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ California ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Palo Alto ní 1992.


BàbáÌjámọ̀:

Ìbéèrè mẹ́ta ti Nọ́ọ̀sì yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn á rí mi lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tó kù, mi ò lóye bí ẹgba ṣe ń dùn, mi ò sì fẹ́ lóye ẹ̀. Àmọ́ mo rántí pé bí egúngún bá jáde àwa náà máa ń bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ fún àtòrì, tá ò ní jẹ́ kó hàn lójú pé ó ń ta wá.


ỌmọÒṣómàáló:

Bàbá, ẹ ti switch 😂😂


Oníṣẹ́Awọ_Iléṣà:

Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀. Mo ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, mo bi í ní panic snap, ó ní ta ló kọ́ mi, mo ní mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n tèmi ní Ifẹ̀. Ìdajì owó ti wọlé. Sub ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló fi ìwọ̀n ọrùn ránṣẹ́, íńṣì mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀, ọkùnrin gìrìwò kan ni, tí mo bá fi ti kékeré tí mo gé yẹn ránṣẹ́ ẹ̀sín mi á dé ìlú òyìnbó. Awọ màlúù ni mo fi ṣe ìta, ti ewúrẹ́ wà nínú, etí ẹ̀ ni mò ń dán lọ́wọ́ báyìí kó má baà bó ara.

Ti flogger yẹn, ẹgba oníìrù púpọ̀ ni, mo kọ́kọ́ fi awọ líle gé ìrù méjì, mo nà án mọ́ itan ara mi wò, mo ké. Mo ti yí i padà sí awọ rírọ̀. Mo wá rí i pé tí ìrù bá pọ̀ tó sì rọ̀, ó máa ń balẹ̀ wìì bí ìgbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èèyàn lẹ́yìn, kòbókò tó jẹ́ ìrù kan ló ń là bí abẹ.

Ọmọṣẹ́ mi ti gbà láti rán collar lẹ́yìn tí mo ka ti Potogí sí i létí, ó ní flogger ni òun ò ní fọwọ́ kàn. Mo ní hard limit ẹ̀ nìyẹn, mi ò bi í ní ìdí.

Mo sọ fún ìyàwó mi náà, torí ó ti ń wò mí pẹ̀lú fóònù tí mò ń dà dojú bolẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ti safeword nìkan ló mú nínú ẹ̀. Láti àná, bí mo bá ti ń rojọ́ jù, "pupa!" ló ń pariwo, á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀kan: tí mo bá fẹ́ fi ẹrù náà ránṣẹ́, kí ni kí n kọ sára ẹ̀ tí wọ́n bá bi mí?


Àdùkẹ́_Ifẹ̀:

Ẹ kọ ọ́ pé ọjà awọ ni, bẹ́líìtì àti irú ẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó gan-an ni.